Ṣé wèrè ni “aṣiwèrè” inú Orin Dáfídì 14?

Ẹ̀gbọ́nRẹ̀

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè Hébérù, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Kì í ṣe ìtùnú ni mo ń wá, ìtumọ̀ ni.

Mo ní àbúrò ọkùnrin kan, ọmọ ọdún 29. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún 20 ni àìsàn ọpọlọ ti ń bá a fínra. Ó ń lo oògùn, ara rẹ̀ sì lè yá fún oṣù púpọ̀. Ìgbà mìíràn wà tí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tí kò ní sùn fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, kò sí ẹni tó fẹ́ràn Bíbélì tó o nínú ilé wa. Alaalẹ́ ni àwa méjèèjì máa ń ka orí kan pọ̀. Òun á ka ẹsẹ kan, èmi á ka èyí tó tẹ̀ lé e.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a dé Orin Dáfídì 14. Òun ló kàn láti bẹ̀rẹ̀: “Aṣiwèrè wí ní ọkàn rẹ̀ pé, Ọlọ́run kò sí.” Ó kà á tán, ó dákẹ́. Mo ti fẹ́ máa ka ẹsẹ kejì lọ, àfi bí mo ṣe rí i pé ìka rẹ̀ ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, kò gbé e kúrò. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá wí níbí? Ṣebí wèrè ni wọ́n ń pè mí. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ rí pé Ọlọ́run ò sí. Kódà lọ́jọ́ tí orí mi dàrú jù lọ, Òun ni mò ń pè.”

Mo sọ fún un pé kì í ṣe irú wèrè yẹn. Ó ní, “Irú èwo wá ni?” Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí ẹ̀ náà. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, oníwàásù kan ka ẹsẹ yìí kan náà lójú wa, ó wá fi kún un pé ẹni tí Ọlọ́run bá kọ̀ sílẹ̀ ni orí rẹ̀ ń dàrú. Ẹ̀gbẹ́ mi ni àbúrò mi jókòó sí. Kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, mo rò pé kò gbọ́ ni. Àṣé ó gbọ́.

Ohun tí mo ń béèrè ni pé, ọ̀rọ̀ wo gan-an ló wà níbẹ̀ ní Hébérù, irú ènìyàn wo ló sì ń bá wí? Tó bá jẹ́ pé aláìsàn ọpọlọ náà wà lára ohun tó túmọ̀ sí, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ó sàn kí n mọ̀ ọ́n.

Ìyá Olùkọ́

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú àbúrò rẹ. Ọdún 22 ni mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní gírámà Hébérù kí n tó fẹ̀yìn tì. Àìmọye ìgbà ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí sára pátákó, ẹnì kan ò sì bi mí rí pé irú èwo ni. Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo wọn bi mí nìyẹn.

Sọ fún àbúrò rẹ pé kì í ṣe òun. Mi ò sọ èyí láti fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún o. Ọ̀rọ̀ inú ẹsẹ náà fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí Hébérù ń lò fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ni meshugga. Nígbà tí Dáfídì sá lọ sọ́dọ̀ Ákíṣì ọba Gátì, tí ẹ̀rù bà á, tó ń fi ọwọ́ ha ìlẹ̀kùn ẹnubodè, tí itọ́ rẹ̀ ń ṣàn sí irùngbọ̀n, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu Ákíṣì nìyẹn: ṣé àwọn meshugga wọ́n òun ni, tí wọ́n fi mú eléyìí wá bá òun? Sámúẹ́lì Kìíní orí 21 ló wà. Òun náà ni àwọn ìjòyè ogun fi pe ọmọ wòlíì tí Èlíṣà rán lọ fi òróró yan Jéhù (Àwọn Ọba Kejì 9:11). Wọ́n fi bú Jeremáyà náà nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ láti Bábílónì (Jeremáyà 29:26). Àbúrò rẹ á rí i pé àwọn tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yẹn bú rí kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ.

Kò sí meshugga nínú Orin Dáfídì 14. Nabal ló wà níbẹ̀: נבל. Yàtọ̀ sí ibi tó ti jẹ́ orúkọ ọkùnrin kan, ìgbà 18 ló jẹ yọ nínú Bíbélì Hébérù. Mo ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún tún un yẹ̀ wò lánàá nítorí tìrẹ. Kò sí èyí tó ń sọ nípa àìsàn ọpọlọ nínú wọn.

Ọ̀nà tó yá jù láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí o lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń jẹ́ ẹ, Nábálì, ọkọ Ábígáílì, nínú Sámúẹ́lì Kìíní 25. Ẹni tó ní àgùntàn 3,000 àti ewúrẹ́ 1,000 kì í ṣe òpè. Ó mọ ìṣirò dáadáa. Ó ń rẹ́ irun àgùntàn rẹ̀ ní ìlú Kámẹ́lì nígbà tí Dáfídì rán ọ̀dọ́kùnrin mẹ́wàá sí i, pé kó fún àwọn ní ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà. Àwọn ènìyàn Dáfídì ti wà pẹ̀lú àwọn darandaran rẹ̀ nínú aginjù, wọn ò mú nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ìránṣẹ́ Nábálì fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé odi ni wọ́n jẹ́ fún àwọn tọ̀sán-tòru. Èsì wo ni wọ́n wá gbà? “Ta ni Dáfídì?” Ó ní ṣé kí òun mú oúnjẹ òun, omi òun, ẹran tí òun pa fún àwọn tó ń rẹ́ irun àgùntàn òun, kí òun fi fún àwọn tí òun ò mọ ibi tí wọ́n ti wá? Ní Hébérù, “mi” ló parí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: oúnjẹ mi, omi mi, ẹran mi. Ìránṣẹ́ náà wá sọ nǹkan kan tó máa ń dùn mí tí mo bá kà á. Ó ní ọ̀gá àwọn le débi pé èèyàn ò lè bá a sọ̀rọ̀.

Ọpọlọ Nábálì pé pérépéré. Ọwọ́ rẹ̀ ló há, etí rẹ̀ ló di, ọ̀dájú sì ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìtàn ẹnì kan ò tó fi túmọ̀ ọ̀rọ̀, Aísáyà 32:6 ni mo máa ń ṣí fún un. Wòlíì náà sọ iṣẹ́ ọwọ́ nabal níbẹ̀: ó ń jẹ́ kí inú ẹni tí ebi ń pa ṣófo, ó sì ń gba omi mọ́ òǹgbẹ lẹ́nu. Oúnjẹ àti omi ni, bíi ti Kámẹ́lì gẹ́lẹ́. Wo ẹsẹ 5 tó ṣáájú rẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tó fi ṣe òdìkejì nabal kì í ṣe ọlọ́gbọ́n. Nadiv ni, ẹni tó lawọ́, tí ìwà rẹ̀ níyì. Ọmọlúàbí ni mo máa ń pè é tí mo bá ń kọ́ ọmọ Yorùbá.

Wàyí o, ẹ padà sí Orin Dáfídì 14, ẹ má sì dúró sí ẹsẹ kìíní. Ní ẹsẹ 4, onísáàmù sọ àwọn tó ń bá wí: àwọn tó ń jẹ àwọn ènìyàn Ọlọ́run bí ẹni ń jẹun. Oúnjẹ ló tún dé yìí. Ní ẹsẹ 6, wọ́n ń dójú ti èrò tálákà. “Ọlọ́run kò sí” tí nabal sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì péré ní Hébérù, ein elohim. Kò sọ ọ́ sí gbangba láti fi bá ẹnikẹ́ni jiyàn, inú ọkàn rẹ̀ ló ti sọ ọ́. Orin Dáfídì 10 lo ọ̀rọ̀ méjì náà ní ẹsẹ 4, ó wá jẹ́ ká gbọ́ ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń rò ní ẹsẹ 11 àti 13: Ọlọ́run ti gbàgbé, kò ní béèrè. Ẹni tó ń jẹ ọmọlàkejì rẹ̀, tó sì fọkàn balẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa bi òun, òun ni nabal. Àbúrò rẹ tó ń pe Ọlọ́run lọ́jọ́ tí orí rẹ̀ dàrú kò sún mọ́ ibẹ̀ rárá.

Mi ò dá àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa lẹ́bi. A máa ń pe ẹni tí orí rẹ̀ pé ní aṣiwèrè tó bá hùwà tí kò yẹ, ìwà là ń bá wí, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n etí tí wọ́n ti fi wèrè bú rí, wèrè inú ọ̀rọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni mo mú gègé, ọ̀dájú ni màá kọ síbẹ̀.

ỌdúnKejì

Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Ọdún kejì mi rèé lẹ́nu Hébérù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú bí mo bá ṣì í.

Mo kà á níbì kan pé láti ara nabel ni nabal ti wá, ìyẹn kí nǹkan rọ, bíi ti ewé inú Orin Dáfídì 1:3 tí kì í rọ àti òdòdó inú Aísáyà 40:8 tó ń rọ. Nebelah tó túmọ̀ sí òkú ẹran nínú Léfítíkù 11 náà ní lẹ́tà kan náà. Ṣé a ò lè sọ pé òkú tó ń rìn ni nabal? Ó bá ìtàn náà mu, torí Sámúẹ́lì Kìíní 25:37 sọ pé ọkàn Nábálì kú nínú rẹ̀, ó sì dà bí òkúta.

Èkejì, mi ò fẹ́ dá kún ìrora ẹ̀gbọ́n wa tó béèrè, ṣùgbọ́n wọ́n ní ká má fi nǹkan kan pamọ́. Diutarónómì 28:28 ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ẹbí meshugga wà nínú ègún ibẹ̀.

Ìyá Olùkọ́

O ò ṣì í púpọ̀, ọmọ mi. Àwọn kan wà nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn ò sì gbà. Èmi wà lára àwọn tí kò gbà, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Kọ “ogun” sílẹ̀ láìfi àmì kankan sí i. Ṣé ogun tí wọ́n ń jà ni, àbí ogún tí bàbá fi sílẹ̀, àbí ogún tó tẹ̀ lé mọ́kàndínlógún? Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé láti inú ogun jíjà ni ogún pínpín ti wá, torí pé lẹ́tà wọn jọra, tó tún fi wàásù pé ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ bàbá kan náà fi ń jà, àwọn èèyàn lè pàtẹ́wọ́ fún un. Ìwọ tí o gbọ́ Yorùbá lo máa mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí Hébérù àtijọ́ ṣe rí nìyẹn. Kọ́ńsónáǹtì nìkan ni wọ́n ń kọ. Láàárín ọ̀rúndún 7 sí 10 lẹ́yìn Kírísítì ni àwọn Másórétì, ìyẹn àwọn akọ̀wé Júù tó wà ní Tìbéríà, tó fi àmì fáwẹ́lì sí i, kí ohùn tí wọ́n ti ń gbọ́ láti ìran dé ìran má bàa sọnù. Lẹ́tà mẹ́ta tó jọra kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ méjì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Ṣùgbọ́n oǹkọ̀wé Sámúẹ́lì mọ̀ pé wọ́n dún bíi ti ara wọn, ó sì fi dárà. Ṣé o rí ìgò awọ tí wọ́n ń rọ wáìnì sí? Nebel ló ń jẹ́. Nínú ẹrù tí Ábígáílì kó jọ ní ẹsẹ 18, lára ìṣù búrẹ́dì 200, àgùntàn 5 tí wọ́n ti sè, àkàrà ọ̀pọ̀tọ́ 200, ìgò awọ wáìnì 2 wà níbẹ̀, nivlei yayin. Nígbà tó wá di ẹsẹ 37, tí ilẹ̀ mọ́, oǹkọ̀wé ò sọ pé ojú Nábálì dá. Ó ní “nígbà tí wáìnì jáde kúrò lára Nábálì”. Bí o bá kà á sókè ní Hébérù, wàá rí ìgò awọ kan tí wọ́n ti da ohun inú rẹ̀ nù, tó wá rọ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló kú. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni èmi náà nígbà tí mo kọ́kọ́ rí èyí, mi ò sì lè sùn lóru ọjọ́ náà.

Ní ti Diutarónómì 28:28, shigga'on wà níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò ní bò ó. Ègún tí wọ́n kà sórí odidi orílẹ̀-èdè kan tó bá da májẹ̀mú ni, pẹ̀lú ọ̀dá àti ogun àti ìgbèkùn. Kì í ṣe ohun èlò tí wọ́n fún wa láti fi yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń ṣàìsàn wò. Wo ohun tó tẹ̀ lé shigga'on nínú ẹsẹ kan náà: ìfọ́jú. Ní Jòhánù 9, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí ẹni tó fọ́jú láti inú ìyá rẹ̀, wọ́n béèrè bóyá òun ló ṣẹ̀ ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Bí Olúwa ò bá gbà kí wọ́n ka ìfọ́jú ọkùnrin yẹn sí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ta ló fún oníwàásù kan láṣẹ láti mú ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfọ́jú nínú ẹsẹ náà, kó fi kan aláìsàn lójú ìjọ? Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú, ẹ dárí jì mí.

Arábìnrin T.

Ẹ kú àlàyé, Mà. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ kan wá tó jẹ́ ọmọ bíbí inú nabal, torí iṣẹ́ mi ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Mo máa ń jókòó ti àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀.

Nebalah ni, ìwà tí nabal ń hù. Ìgbà 13 ni mo kà á nínú Bíbélì Hébérù. Ẹ wo ibi tó ti jẹ yọ: ohun tí Ṣékémù ṣe sí Dínà (Jẹ́nẹ́sísì 34:7), ohun tí àwọn ọkùnrin Gíbíà fẹ́ ṣe àti èyí tí wọ́n ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́ (ìgbà mẹ́rin ló wà nínú Àwọn Onídàájọ́ 19 àti 20), olè tí Ákánì jà nínú ohun ìyàsọ́tọ̀ (Jóṣúà 7:15). Èyí tó kù sí mi lọ́kàn jù ni ti Támárì nínú Sámúẹ́lì Kejì 13. Ámúnónì ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọmọbìnrin náà ní, rárá, ẹ̀gbọ́n mi, má ṣe fi agbára mú mi, a kì í ṣe irú rẹ̀ ní Ísírẹ́lì, má ṣe hu nebalah yìí. Ó tún ní, ní tèmi, ibo ni màá gbé ìtìjú mi lọ? Ní tìrẹ, wàá dà bí ọ̀kan nínú àwọn nabal ní Ísírẹ́lì.

Láàárín ìbẹ̀rù yẹn, òun ló mọ orúkọ tí nǹkan náà ń jẹ́. Mo máa ń ka ibẹ̀ sókè fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, mo sì ti rí i pé bí mo bá ka “ìwà òmùgọ̀”, ojú wọn á yí padà. Òmùgọ̀ ń dún bí àṣìṣe, bí ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin ṣe torí kò tíì gbọ́n. Ohun tí wọ́n ṣe sí wọn kì í ṣe àṣìṣe. “A kì í ṣe é”, èèwọ̀ ni lédè wa, nígbà tí mo sì lo ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀kan nínú wọn, ó gbé orí sókè.

Ohun mìíràn wà tó fìdí ọ̀rọ̀ Ìyá múlẹ̀. Ẹni tó gba Ámúnónì nímọ̀ràn pé kó díbọ́n bí aláìsàn kí Támárì lè wá gbọ́únjẹ fún un ni Jónádábù. Báwo ni Bíbélì ṣe pe Jónádábù ní ẹsẹ 3? Hakham me'od. Ọlọ́gbọ́n gidigidi! Orí pípé ló gbé nebalah yẹn kalẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

ÀlejòKíkà

Ẹ jọ̀ọ́, Mà, gbogbo àwọn aṣiwèrè tó kún inú ìwé Òwe ńkọ́? Ṣé nabal náà ni wọ́n?

Ìyá Olùkọ́

Rárá o, ìgbà mẹ́ta péré ni nabal wà nínú Òwe. Kesil ló pọ̀ jù níbẹ̀: 49 nínú 70 tó wà nínú gbogbo Bíbélì. Òun ni ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú jù, tó ń padà sí ohun tó ti pa á lára bí ajá ṣe ń padà sí èébì rẹ̀ (Òwe 26:11). Ewil ni ẹni tí kò gba ìbáwí, tí wọ́n ní bí o tilẹ̀ gún un nínú odó, ìwà rẹ̀ ò ní kúrò lára rẹ̀ (Òwe 27:22). Peti ni òpè, ọ̀dọ́ tí ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tó ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ gbọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ní àtúnṣe, kódà Orin Dáfídì 116:6 ní Olúwa ń pa àwọn peti mọ́. Bí o bá ní Òwe nítòsí, ka 1:22, wàá bá peti, ẹlẹ́gàn àti kesil lórí ìlà kan náà, Ọgbọ́n sì ń bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Meshugga kò sí láàárín wọn.

Arábìnrin T., ẹ ṣeun. Mo kọ èèwọ̀ yẹn sínú ìwé mi.

Ẹ̀gbọ́nRẹ̀

Mà, Arábìnrin, àti àbúrò mi ọdún kejì, ẹ ṣeun. Mi ò bínú sí ìbéèrè Diutarónómì yẹn. Mo ti ń bẹ̀rù ẹsẹ náà láti ọjọ́ yìí wá, mi ò kàn lè dárúkọ rẹ̀ ni.

A ka Sámúẹ́lì Kìíní 25 lálẹ́ àná, èmi àti àbúrò mi. Nígbà tí Nábálì sọ ti oúnjẹ mi, omi mi, ẹran mi, àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. A padà sí Orin Dáfídì 14, mo sì ka gbogbo ohun tí ẹ kọ fún un láti orí fóònù mi. Ó ní kí n tún ibi tí wọ́n ti ń jẹ ènìyàn bí oúnjẹ kà. Lẹ́yìn náà ó mú bírò, ó kọ “ọ̀dájú” sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ kìíní, kékeré báyìí, pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀.

Mo rò pé ó ti parí. Ó wá ṣí Sámúẹ́lì Kìíní orí 21, ibi tí Dáfídì ti ń ha ìlẹ̀kùn. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ṣe èyí gan-an ló kọ Sáàmù?” Mo ní òun ni. Ó ní, “Ó mọ bó ṣe ń rí lójú àwọn èèyàn nìyẹn.” Ó lọ sùn.

Ìyá Olùkọ́

Ọmọ mi, mo ní láti dá iṣẹ́ tí mò ń ṣe dúró nígbà tí mo ka èyí.

Fi nǹkan kan hàn án lálẹ́ òní. Orin Dáfídì 34 ní àkọlé tó sọ ìgbà tí Dáfídì kọ ọ́: nígbà tó yí ìṣe rẹ̀ padà níwájú Ábímélékì, tó sì lé e jáde. Ọ̀rọ̀ Gátì yẹn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ákíṣì ni ìwé Sámúẹ́lì pe ọba náà. Ohun tí wọ́n ní Dáfídì yí padà, nínú àkọlé yìí àti nínú Sámúẹ́lì Kìíní 21:13, ni ta'am rẹ̀. Ta'am ni adùn tí ahọ́n ń tọ́ wò, òun náà sì ni làákàyè. Nígbà tí Ábígáílì pàdé Dáfídì lọ́nà, tó dá a dúró kó má bàa ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ta'am Ábígáílì ni Dáfídì súre fún (Sámúẹ́lì Kìíní 25:33). Nínú orin tí ẹni tó ṣe bí ẹni tí ta'am rẹ̀ ti lọ kọ, ó wá fi ọ̀rọ̀ yẹn kan náà pe gbogbo ènìyàn ní ẹsẹ 8: ta'amu, ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ sì rí i pé rere ni Olúwa.

Kó ka ẹsẹ 18 náà. Kó má yára kà á.

Ẹ̀gbọ́nRẹ̀

A kà á, Mà. Òun ló ka gbogbo rẹ̀ lálẹ́ yìí, kò jẹ́ kí n gba ẹsẹ kankan. Ní ẹsẹ 18, níbi tó ti ní Olúwa wà létí ọ̀dọ̀ àwọn tí ọkàn wọn ti bàjẹ́, ó dúró díẹ̀, ó tún ń kà á lọ.

Ó ní kí n kí yín. Ó tún ní kí n bi yín bóyá ẹ lè fi lẹ́tà Hébérù kọ ta'am ránṣẹ́. Ó fẹ́ fi bírò rẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àkọlé yẹn.

Ìyá Olùkọ́

טעם

Láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí òsì ni kó ti kọ ọ́: tẹ́tì, áyìn, mémù. Mémù tó kẹ́yìn yẹn máa ń dì ní gbogbo igun, kó má fi àlàfo kankan sílẹ̀. Bó bá kọ ọ́ tán, ya fọ́tò rẹ̀ kí n rí i.